Àkàbà Tí Mo Gbẹ́ fún Ìyá Ọkọ Mi

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo jogún agídí lọ́wọ́ yín,

Ọdún kẹfà rèé tí ẹ ti lọ, lẹ́tà àkọ́kọ́ rèé. Nígbà tí ẹ wà láàyè, ẹ ní kí n má kọ̀wé, kí n má pè, kí n má sì wá. Lórí ìyẹn nìkan ni mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àbámọ̀ ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday yìí. Mo ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, torí ó dá mi lójú pé Bọ̀dá Wálé, ọmọ yín ọkùnrin, ti fi àdúrà rò ó fún yín ní ọ̀nà tirẹ̀.

Ìyá ọkọ mi kú ní oṣù tó kọjá. Mo sin wọ́n bí àwọn ènìyàn wọn ṣe ń sin òkú. Mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ àkàbà tí wọ́n máa gùn kúrò nínú ibojì. Àwọn alàgbà ìjọ ní kí n wá tọrọ àforíjì lórí rẹ̀. Mo kọ̀.

Ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn ni mo pè yín pé mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Inú yín kọ́kọ́ dùn. Ẹ béèrè pé ọmọ ibo ni. Mo ní ará Malaysia ni. Ẹ ní kò burú, pé àwọn yẹn mọ̀wé. Ǹ bá dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé irọ́ dà bí pákó tútù, yóò wọ́ bó pẹ́ bó yá. Mo ní kì í ṣe àwọn tí ẹ ń rò yẹn. Mo ní ọmọ ẹ̀yà Jakun ni Jali, àwọn tó ti wà nínú igbó ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé bá wọn, tí wọ́n ń gbé létí odò Endau, tí wọ́n ń ṣọdẹ, tí wọ́n ń gé pankẹ́rẹ́ tà, tí wọ́n sì gbà pé igi ní ẹ̀mí, odò ní ẹ̀mí, òkè náà ní ẹ̀mí. Ẹ ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Mi ò rán ọ lọ sí Amẹ́ríkà kí o lọ fẹ́ ará igbó."

Ẹ pa fóònù. A ṣègbéyàwó ní kóòtù Lawrenceville ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èmi àti òun àti ẹlẹ́rìí méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò rí Jali títí ẹ fi kú. Ọmọ wa obìnrin, Ìbùkún, inú fọ́tò nìkan lẹ ti rí i, fọ́tò tí Màámi tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí wọn.

Ará igbó. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Bàbá. Ẹ̀yin tí gẹdú fún ní oúnjẹ, tí gẹdú kọ́ ilé fún, tí gẹdú rán ọmọ yín lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ẹ kọ́kọ́ mú mi wọ igbó. Bọ̀dá Wálé wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, Màámi sì lọ kí ìyá wọn, kò sí ẹni tí ẹ lè fi mí tì. A wọ ọkọ̀ agbégẹdú kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìdájí, a sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Kí a tó dé ìdí igi, ẹ yà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ní láti ibẹ̀ lọ, mi ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tí a wá gé. Mo ní, ìrókò ńkọ́? Ẹ fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ọwọ́ tó ń rùn bí eruku pákó. Ẹ ní kí n máa pè é ní àgbàlagbà yẹn. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn àdá kan ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn tí ẹ fi ń bá àwọn àgbà ilé sọ̀rọ̀. Ẹ ní ilé lẹ fẹ́ fi kọ́, ẹ ò wá fi í ṣòfò. Nígbà tí a jókòó jẹun, òkèlè àkọ́kọ́ kò dé ẹnu yín, inú koríko ló lọ. Lójú ọ̀nà ilé, ẹ ní kí n má sọ fún Màámi. Ní ọjọ́ Sunday, ẹ wọ agbádá funfun, ẹ sì ń gbé àwo ọrẹ káàkiri nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Mi ò sọ. Mo pa á mọ́ fún yín títí Màámi fi kú, títí ẹ̀yin náà fi kú. Ṣé ẹ rántí? Àbí ẹ ti gbàgbé rẹ̀ kí ẹ tó gbé fóònù mi lọ́jọ́ yẹn?

Ẹ ò bi mí bí mo ṣe mọ Jali. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìjì kan jà ní Union City lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta níbi tí mo ń gbé, ó wó igi pine kan sórí òrùlé mi. Ọkùnrin tí ilé iṣẹ́ agégi rán wá kò ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, okùn ìgungi wà léjìká rẹ̀. Kó tó tan ayùn rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara igi náà, ó sì dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ nọ́ọ̀sì ti wà lára mi, mo ti pẹ́ fún shift, síbẹ̀ mi ò lọ. Mo béèrè ohun tó sọ fún igi náà. Ó ní òun kàn ní kó má bínú ni. Ẹ̀yin ni mo rí lójú ẹsẹ̀, Bàbá. Ẹ kò lè dá mi lẹ́bi pé mo fẹ́ ọkùnrin tó jọ yín.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni bàbá Jali kú, a sì lọ mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Mak ni mò ń pè wọ́n, bí Jali ṣe ń pè wọ́n. Wọ́n kéré, wọ́n le, irun wọn funfun ṣáṣá. Àwọn olóko ńlá ti gé igbó tó yí abúlé Mak ká, wọ́n gbin ọ̀pẹ síbẹ̀ ní ìlà ìlà títí ojú ò fi rí òpin rẹ̀. Mi ò tíì mọ èyí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dé. Mo se ẹ̀fọ́ rírò, mo bu epo sí i dáadáa bí ẹni tó fẹ́ kí ìyá ọkọ fẹ́ràn òun. Mak wo ìgò epo lórí tábìlì, wọ́n bi Jali pé kí ni. Ó sọ fún wọn. Wọ́n rọra ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n jẹ ìrẹsì lásán. Inú bí mi. Ọjọ́ kejì nínú mọ́tò ni Jali tó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀pẹ ló jẹ igbó ìyá òun, ó sì jẹ ibojì àwọn bàbá wọn mọ́ ọn.

Ọ̀pẹ tiwa ni, Bàbá. Láti etíkun tiwa ni àwọn òyìnbó ti gbé e lọ síbẹ̀. Mo jókòó ti Mak ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Jali ń túmọ̀, mo ní ní ilé wa, ọ̀pẹ ni a fi ń se ọbẹ̀, òun ni a fi ń tan iná, òun ni a fi ń gbálẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n ní ó dáa, a jẹ́ pé ẹjọ́ ọ̀pẹ kọ́, ẹjọ́ ẹni tó gbìn ín ni. Síbẹ̀ wọn ò jẹ ẹ́ títí wọ́n fi kú, mi ò sì tún fi lọ̀ wọ́n mọ́.

Nígbà ooru, àwọn kòkòrò kan máa ń han lórí igi níbí, ariwo wọn a bo ti mọ́tò mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí Mak kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n dìde lórí àga tí wọ́n jókòó sí níta, wọ́n fọwọ́ kan àyà. Wọ́n wá ròyìn fún wa pé bàbá àwọn ni Bátìn abúlé, ìyẹn ni pé òun ni baálẹ̀ wọn, òun ló sì máa ń kó àwọn ọkùnrin lọ wá káńfọ̀. Kì í ṣe èyí tí Màámi ń kó sáàárín aṣọ nínú àpótí. Èyí tó ti inú igi ńlá wá ni, tí kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ láti òde bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹ̀mí kan ló ń ṣọ́ ọ, ohùn ẹ̀mí náà sì dà bíi ti kòkòrò yẹn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á mọ̀ pé káńfọ̀ ò jìnnà. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti wọ igbó, wọn ò gbọ́dọ̀ sọ èdè ilé mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, káńfọ̀ á pòórá nínú igi. Èdè kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ìrẹsì kì í jẹ́ ìrẹsì níbẹ̀, èso koríko ni. Ìbọn kì í jẹ́ ìbọn, adúnlókèèrè ni. Bí wọ́n bá sì fẹ́ jẹun, wọ́n á kọ́kọ́ ju díẹ̀ sínú igbó.

Kí Jali tó túmọ̀ rẹ̀ tán, omi ti ń dà lójú mi. Mak rò pé àwọn ló ṣẹ̀ mí. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà yẹn fún wọn, ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ fún ìyá tó bí mi. Wọ́n ń mi orí. Wọ́n bi mí pé kí ni orúkọ bàbá mi. Mo ní ọmọ kì í dárúkọ bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn náà ò pe orúkọ ìyá ọkọ àwọn rí. Báyìí ni ẹ ṣe wọ ilé mi, Bàbá, láìjẹ́ pé ẹ gbà.

Mak kò ka ìwé kóòtù wa sí ohun gidi. Wọ́n ní nígbà ìyá àgbà wọn, ìyàwó á sá wọ igbó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọkọ á sì lé e. Bí ọkọ kò bá bá a, ó ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá Jali lé mi. Mo ní rárá o. Wọ́n ní a jẹ́ pé kò tíì fẹ́ mi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí sáré yí ilé ká nìyẹn ní ọ̀sán Saturday, obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, Jali ń lé mi, Ìbùkún ń fi fóònù yà wá, àwọn aládùúgbò sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí lẹ́tà wọn. Mo gbìyànjú dáadáa. Ìta gáréèjì ló ti bá mi. Mak pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó ti parí, kò sẹ́ni tó lè tú u mọ́. Èmi tí ẹ ò sin relé ọkọ, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fà mí lé ọkọ lọ́wọ́.

Ìgbà ìrúwé tó kọjá yìí ni ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ ohun tí mò ń rí. Ẹsẹ̀ wọn wú, èémí wọn kúrú. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kú sí hospital, a sì gbé ibùsùn wọn sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí àwọn igi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí Jali jókòó, kí èmi náà jókòó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò pọ̀, Jali sì túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí n wà nínú ihò láìsí ohun tí n óò gùn jáde."

Ohun tí àwọn Jakun àtijọ́ máa ń ṣe ni. Àkàbà kékeré kan ni, igi kan ṣoṣo tí a gé ibi ìtẹ̀sẹ̀ sí lára, tí a rì mọ́ ibojì kí ẹ̀mí olóògbé lè gbà á gòkè. A ó sì máa tan iná síbẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí ó má baà ṣi ẹsẹ̀ gbé. Mo ní a máa ṣe é. Mi ò kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n kú ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, ní ìyálẹ̀ta, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ ọmọ wọn.

Bọ̀dá Wálé gbọ́, ó wakọ̀ wá láti Lawrenceville lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò ní ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Nígbà tí mo bí Ìbùkún, òun ló gbé mi relé. Òun ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Díákónì ni ní ìjọ wa, ó sì ti bá pásítọ̀ sọ ọ́ kó tó dé pé ìjọ máa sin Mak, akọrin máa wá, gbogbo nǹkan á lọ bó ṣe yẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá sọ fún un nípa àkàbà àti iná. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìjọ ò ní wá, òun náà ò ní wá. Ó ní èmi ni mò ń kọrin níwájú àwọn ènìyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ni mo fẹ́ kí wọ́n rò? Mo ní ìyá àgbàlagbà ló bẹ̀ mí, mo sì ti ṣèlérí. Ó wá dárúkọ yín.

"Bàbá wa ò jẹ́ gba irú èyí láéláé."

"Bọ̀dá mi, ẹ bá wọn wọ igbó rí?" mo bi í. "Èmi ni mo bá wọn wọ̀ ọ́."

Mo tú àṣírí yín, Bàbá. Mo sọ gbogbo rẹ̀: àdá, ọ̀rọ̀ ẹnu, òkèlè inú koríko. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń pa á mọ́, mo sì tú u sílẹ̀ nínú ilé ìdáná mi lójú ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù. Jali jókòó síbẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé nǹkan ń ya. Bọ̀dá Wálé dìde. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

"O wá ń parọ́ mọ́ òkú torí òkú ẹlòmíì."

Ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ. Ṣé mo parọ́, Bàbá? Ẹ̀yin nìkan lẹ lè jẹ́rìí mi, ẹ sì ti bá tiyín lọ. Ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú òtítọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí. Ìbínú tí mo ní sí yín lórí èyí ju ti fóònù lọ. Nítorí pé ìjọ ń wò yín lẹ ṣe fi í pa mọ́, nítorí ohun tí ẹ fi pa mọ́ náà lẹ sì ṣe lé ọkọ mi. Ohun tí ẹ ń ṣe ní kọ̀rọ̀, òun ń ṣe é ní gbangba níwájú àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Ta ló yẹ kí ojú tì?

Jali ló fẹ́ gbẹ́ àkàbà náà. Ó mú ẹ̀ka igi oak mélòó kan wá láti ibi iṣẹ́, ó jókòó sí gáréèjì. Ó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, ó ba èkejì jẹ́, ó wá gbé ojú lé eékún. Ọkùnrin tó ń gun igi tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ láìbẹ̀rù. Mo gba ọ̀bẹ àti ayùn kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, nígbà tí àwọn ènìyàn ń sọ pé kí ni ọmọ obìnrin ń wá níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Ẹ máa ń fi àtàǹpàkò yẹ ojú pákó wò bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ẹ máa ń kọrin sísàlẹ̀ imú bí ayùn bá ń lọ dáadáa, ẹ á sì dákẹ́ bó bá fẹ́ kọ́. Mo fi àtàǹpàkò wá ọ̀nà tí iṣan igi náà gbà. Mo gé ibi ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ Mak, torí ẹsẹ̀ wọn kéré, mi ò fẹ́ kó jìnnà síra. Ó gbà mí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo fá a tán, tí mo fi òróró pa á lára, Jali gbà á, ó fi ọwọ́ ra gbogbo ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ní bàbá òun pàápàá kò lè gbẹ́ ẹ dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ bá fi mí yangàn, Bàbá, ká ní ẹ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ gbà pé ẹ̀ bá fi mí yangàn.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ibi ìsìnkú láti tọrọ àyè. Mo ti múra ìjà lọ. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ti dàgbà ló jókòó síbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Georgia ni. Ó ka òfin fún mi: òdòdó nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lórí ibojì. Mo ṣàlàyé fún un ohun tí mo gbé wá àti ìdí rẹ̀. Ó wo àkàbà náà títí. Ó ní ní etí òkun níbi tí wọ́n ti bí òun, àtùpà àti àwo tí ìyá àgbà òun fi ń jẹun ni wọ́n gbé sórí ibojì rẹ̀, òun sì wà lọ́mọdé nígbà tí àwọn kan wá kó o dànù pé kò bójú mu. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó. Mo ní méje. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ á mú un kúrò, kí n má bínú. Mo ní mi ò ní bínú.

A jẹ́ mẹ́fà níbi ìsìnkú. Akọrin kankan ò wá. Ìyàwó Bọ̀dá Wálé wá, òun nìkan, ó fi gèlè dúdú bojú bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun, ṣùgbọ́n ó wá. A wẹ Mak fúnra wa, a fi aṣọ funfun wé wọn, a fi abẹ́ tí wọ́n fi ń la pankẹ́rẹ́ àti àpò ewé tí wọ́n hun sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bíi ti Ìjẹ̀bú-Igbó gẹ́lẹ́. Jali bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Èmi ka orin Dáfídì kan, torí pé mo gbà á gbọ́, mi ò sì rí ohun tó dí ọ̀kan lọ́wọ́ èkejì. Lẹ́yìn náà ni mo ri àkàbà náà mọ́ ilẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí kò fi mì.

Ìrọ̀lẹ́ méje ni a lọ tan iná síbẹ̀ kí wọ́n tó ti géètì. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, Ìbùkún, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá báyìí, dìde lórí koríko níbi tó jókòó sí.

"Mummy, ta ló ṣe ti Grandpa?"

Ohùn orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ́, bíi ti gbogbo ọmọ tí a bí síbí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ yé. Àkàbà tiyín ló ń béèrè. Ibojì yín ní táìlì, Bàbá, ó ní mábù, ó ní orúkọ yín tí wọ́n fi wúrà kọ. Bọ̀dá Wálé ló ṣe é, ó dára. Mi ò tilẹ̀ wá. Mo ní ìwé ìrìnnà, mo ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mi ò sì wá, torí ẹ ní kí n má wá. Kí ni ẹ ń ṣe lábẹ́ gbogbo mábù yẹn?

Ní ọjọ́ kẹjọ, a débẹ̀, àkàbà kò sí mọ́. Ihò kékeré ló kù nínú ilẹ̀ pupa, òjò sì ti rọ sínú rẹ̀. Mo rò pé Jali á sunkún. Ó tẹ̀ ba, ó fi ìka di ihò náà. Ó ní kò burú, Mak ti gòkè.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni fóònù dún. Àwọn alàgbà ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní kí n tó padà sí ẹgbẹ́ akọrin, kí n wá dúró níwájú ìjọ, kí n sọ pé mo ṣe ìbọ̀rìṣà àti pé mo kábàámọ̀. Ẹni tó pè fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ó ní ìṣẹ́jú méjì péré ni, ọ̀rọ̀ á sì tán. Mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní mi ò ní ìṣẹ́jú méjì yẹn.

Òwúrọ̀ òní ni Sunday àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpè náà. Jali ní kí a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, pé ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ní Atlanta. Mo ní rárá. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń kọrin níbẹ̀. Mo lọ aṣọ akọrin mi, mo wọ̀ ọ́ láti ilé. A wọlé láti ẹnu ọ̀nà ńlá, Jali àti Ìbùkún jókòó sí ìlà kejì, níwájú gbogbo ènìyàn, èmi sì gòkè lọ sí ibi tí mo máa ń dúró sí láàárín àwọn olóhùn ìsàlẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà lápá ọ̀tún àti òsì mi wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó sún, kò sẹ́ni tó kí mi. Bọ̀dá Wálé wà níbi tí àwọn díákónì ń jókòó sí, ó ṣí ìwé orin rẹ̀, kò gbé ojú kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀gá akọrin gbé ọwọ́ sókè láti bẹ̀rẹ̀, ó rí mi, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sófuurufú. Mo wò ó. Mi ò wo ilẹ̀. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé kan fi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, ọ̀gá akọrin ju ọwọ́ náà sílẹ̀, orin bẹ̀rẹ̀, mo sì kọ ọ́ láti orí dé ìdí, pẹ̀lú gbogbo èémí tó wà nínú mi.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n á ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n bọ́ aṣọ náà, kí wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn bọ́ ọ lọ́rùn mi lójú gbogbo ìjọ. Èmi ò ní bọ́ ọ fún wọn.

Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí i, Bàbá. Mo bẹ̀ yín nígbà kan rí, ẹ pa fóònù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo rò fún yín, n kò fi bò, n kò sì dín in kù.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, bí ẹ gbà bí ẹ kọ̀.